Bí a ṣe so apá ìwalẹ̀ mọ́ katakata kékeré kan lọ́nà Àlàbàtà

Katakata tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe ńlá. Agbára ẹṣin 35 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, Japan ni wọ́n ti ṣe é, tòkunbọ̀ ni, bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń kó yẹ̀pẹ̀ sì wà níwájú rẹ̀. Bàbá tó ni ín ń sin ẹja àrọ̀ lọ́nà Àlàbàtà, lẹ́yìn Òṣíẹ̀lẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí wọ́n máa fi katakata náà gbẹ́ kòtò ẹja àti ojú àgbàrá fúnra wọn, torí pé owó tí wọ́n máa ń gbà láti fi ọkọ̀ gbé ẹskafétọ̀ ńlá dé oko nìkan ti tó lé àgbẹ̀ sá. Bàbá wá ra apá ìwalẹ̀ tí òyìnbó ń pè ní backhoe. Tòkunbọ̀ lòun náà, ó wúwo tó nǹkan bíi kílò 400, ó sì lè walẹ̀ jìn tó mítà 2. Àwọn kan bá Bàbá so ó. Nígbà tí a fi máa rí i ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ọbáńtokò, Abẹ́òkúta, ọ́ìlì ń jò lára fáàfù, irin tó dì í mú lókè ti tẹ̀, awakọ̀ sì ti fi Ọlọ́run búra pé òun ò ní gun un mọ́.

Irú katakata kékeré báyìí ń pọ̀ sí i lágbègbè wa, àwọn tó fẹ́ so apá ìwalẹ̀ mọ́ ọn náà sì ń pọ̀. Ìbéèrè tí gbogbo wọn máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé ẹ́ńjìnnì á lè gbé e. Ẹ́ńjìnnì kì í sábà fa wàhálà. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n máa béèrè ni pé, nígbà tí apá yìí bá ń bá ilẹ̀ jà, ara ibo nínú katakata ni ìjà náà máa bọ́ sí? Àti pé, nígbà tí ọ́ìlì bá ṣiṣẹ́ tán nínú rẹ̀, ọ̀nà wo ló máa gbà padà sínú táǹkì? Àwọn tó kọ́kọ́ so ti Bàbá kò ro ìkankan nínú méjèèjì.

Awakọ̀ ló sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù fún wa. Ó ní àwọn ń gbẹ́ kòtò lọ́wọ́ ni bọ́kẹ́ẹ̀tì kan òkúta. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ ibí mọ̀ pé kò sí ìyàlẹ́nu nínú ìyẹn; irú òkúta tó yọ sókè ní Olúmọ náà ló sùn sábẹ́ yẹ̀pẹ̀ káàkiri ọ̀dọ̀ wa. Ó tẹ apá náà mọ́lẹ̀ kí eyín bọ́kẹ́ẹ̀tì lè wọ abẹ́ òkúta, kó lè tú u. Òkúta ò mira. Apá ìwalẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbéra nílẹ̀, pẹ̀lú ìjókòó tí awakọ̀ wà lórí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì ń tẹ̀ bọ̀ síwájú, sọ́dọ̀ irin ààbò tó dúró lẹ́yìn síárìn. "Ọ̀gá, ká ní mi ò tètè jọ̀wọ́ lífà ni, ó ti há mi mọ́ irin yẹn."

Mo gbà á gbọ́, torí mo rí ibi tí wọ́n so ó mọ́. Ọwọ́ mẹ́ta ẹ̀yìn katakata ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní three-point, ibi tí à ń so páláàwù àti hárò mọ́. Wọ́n ṣe ọwọ́ yẹn kó lè gbé nǹkan sókè, kó sì lè fa nǹkan. Háídírọ́líìkì ló ń gbé e sókè, ṣùgbọ́n ìwúwo ohun tó wà lórí rẹ̀ nìkan ló ń mú un wálẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ katakata kékeré, kò sí agbára kankan tó ń tì í mọ́lẹ̀. Nígbà tí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti òkúta tí kò lè lọ, apá ìwalẹ̀ ló máa lọ, ọwọ́ three-point á sì kàn tẹ̀lé e sókè. Awakọ̀ ló wà láàárín apá ìwalẹ̀ àti irin ààbò. Bí èèyàn ṣe ń kú lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí.

Bàbá ò fẹ́ ná owó púpọ̀, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Wọ́n ní, "Ẹńjiníà, ṣé a ò wá lè fi irin tó nípọn rọ́pò èyí tó tẹ̀ yìí ni?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ máa dúpẹ́ pé ó tẹ̀. Bí irin yìí bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé gíà ló máa fọ́."

Katakata irú èyí kò ní ṣáásì bíi ti mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì, ilé kílọ́ọ̀ṣì, ilé gíà àti ilé ásù ẹ̀yìn ni wọ́n fi bóòtù dè mọ́ra, àwọn gan-an sì ni egungun ẹ̀yìn katakata. Irin dídà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Irin dídà lè gbé ẹrù tó wúwo gan-an, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀. Tó bá ti sú u, ó fọ́ náà nìyẹn. Nítorí náà, kí a tó ṣe ohunkóhun, a yẹ ilé gíà wò bóyá ó ti là. A fọ girisi àti ẹrẹ̀ kúrò, a fi kẹrosíìnì pa gbogbo ibi tí irin òkè ti kan ilé gíà, a jẹ́ kó dúró díẹ̀, a nù ún gbẹ, a wá fi ẹfun ìkọ̀wé tí a lọ̀ kúnná kùn ún. Bí ojú irin bá ti sán, bó ti wù kó tín-ín-rín tó, kẹrosíìnì tó ti wọnú rẹ̀ á yọ padà, á sì fa ìlà dúdú lójú ẹfun funfun náà. A rí ìlà kan létí ihò píìnì, lára irin tí a lè tú kúrò. Ara ilé gíà mọ́. Bí ìlà yẹn bá fi wà lára ilé gíà ni, ìwé tí mò ń kọ yìí ìbá yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ló gba àkókò wa jù.

Páǹpù kan ṣoṣo ni katakata yìí ní tó ń bọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú, three-point, àti ohunkóhun tí èèyàn bá tún fi kún un. Irú ètò rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní open centre. Ìyẹn ni pé bí ẹnikẹ́ni ò bá fa lífà, ọ́ìlì kì í dúró. Ó ń ṣàn láti páǹpù, á gba inú fáàfù bọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú kọjá, á dé fáàfù three-point, á sì padà sínú táǹkì. Bí a bá fẹ́ fi fáàfù apá ìwalẹ̀ kún un, àárín ọ̀nà yìí la máa já, kí ọ́ìlì lè gba inú fáàfù tuntun kó tó dé three-point. Ó wá di dandan kí hóòsì mẹ́ta wà lára fáàfù náà. Ọ̀kan ń gbé ọ́ìlì wọlé. Èkejì ń gbé ọ́ìlì tó ṣì lágbára lọ fún fáàfù tó kàn, èyí ni power beyond. Ẹ̀kẹta ń gbé ọ́ìlì tí àwọn sílíńdà ti lò tán padà sínú táǹkì, tààrà, láìdúró níbì kankan.

Hóòsì méjì péré la bá. Àwọn tó so ó mú ojú ihò tó yẹ kó lọ sí táǹkì, wọ́n so ó mọ́ three-point.

Bí èèyàn bá ń walẹ̀ nìkan, ó lè dà bíi pé kò sí nǹkan kan, torí ọ́ìlì ń gba inú three-point kọjá lọ sílé. Ìgbà tí wọ́n bá gbé three-point sókè ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀nà tó wà níwájú ọ́ìlì á di, agbára tó ń gbé ẹrù náà á sì pọ́n padà sínú ihò táǹkì fáàfù apá ìwalẹ̀. Ẹ sì rántí pé orí three-point yẹn gan-an ni wọ́n gbé apá ìwalẹ̀ kílò 400 kọ́. Gbogbo ìgbà tí awakọ̀ bá fẹ́ gbé e nílẹ̀ kó lè rìn, fáàfù tirẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀. A fi géèjì sí ojú ihò náà, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ wa gbé three-point díẹ̀díẹ̀. Géèjì lọ sókè títí ó fi kọjá 1,800 psi, ìyẹn ìwọ̀n tí à ń fi mọ bí agbára ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó. Lára ọ̀pọ̀ fáàfù irú èyí, ihò táǹkì ò gbọdọ̀ rí ju 500 psi lọ. Nídìí lífà méjì àkọ́kọ́, ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bí òógùn, lẹ́yìn náà ló wá ń ṣàn. Síìlì tó wà nídìí lífà ni ọ́ìlì ti já; agbára kékeré ni wọ́n ṣe síìlì wọ̀nyẹn fún, wọn ò jẹ̀bi ohunkóhun.

Nígbà tí a tú fáàfù náà, a rí nǹkan mìíràn. Òwú funfun kan lọ́ mọ́ ọ̀pá inú rẹ̀. Tépù funfun tí àwọn plọ́mbà ń yí mọ́ páìpù omi ni. Ohun tó gbé e débẹ̀ ni pé orí hóòsì àti ojú ihò ò bára mu: orí hóòsì jẹ́ irú eyín ìdè tí wọ́n ń pè ní JIC, tó ní eyín 16 nínú ínǹṣì kan, ojú ihò sì jẹ́ irú mìíràn tí wọ́n ń pè ní BSP, tó ní eyín 14. Wọ́n jọra lójú débi pé ẹni tó ń kánjú lè fi sípánà fi tipátipá wọ̀ ọ́, kó wá fi tépù dí ibi tó ń jò. Mo bẹ gbogbo ẹni tó bá ń ka èyí, ẹ má yí tépù mọ́ orí hóòsì háídírọ́líìkì tí ó ní oríǹgì, ìyẹn rọ́bà róbótó tó ń dí ọ́ìlì, tàbí tó ní ẹnu ṣóńṣó. Tépù kọ́ ló ń dí i. Ojú irin sí ojú irin, tàbí oríǹgì, ló ń dí i. Díẹ̀ tó bá já nínú tépù yẹn á wọnú fáàfù, á há ọ̀pá mọ́ ibi tí kò yẹ kó dúró sí, lífà tí ẹ ti jọ̀wọ́ á sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Fáàfù náà kò bàjẹ́ ju ká tún un ṣe. Ó ní ojú tí wọ́n dá sí i fún power beyond, ìdérí lásán ló wà níbẹ̀. A ra kọ́ńkọ́, irin kékeré tó ń wọ ojú náà, ní Èkó, èyí tó ní oríǹgì tirẹ̀, a sì ra síìlì tuntun fún gbogbo lífà. Ẹnì kan dábàá pé ká gbé e fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yí irin, kí wọ́n bá wa gbẹ́ kọ́ńkọ́ náà. Mo mọyì iṣẹ́ ọwọ́ wọn, a ti fi wọ́n ṣe píìnì àti búṣì tó dára, ṣùgbọ́n agbára tó tó 2,500 psi ló ń dojú kọ kọ́ńkọ́ yìí. Bí ààyè oríǹgì bá fi ìwọ̀n irun kan gbòòrò jù, ọ́ìlì á rọra máa gba ibẹ̀ lọ sí ojú ihò táǹkì láìsí ẹni tó máa rí i, apá ìwalẹ̀ á kàn máa rẹ̀, ọ́ìlì á sì máa gbóná.

A wá pààrọ̀ hóòsì. Èyí tí a bá níbẹ̀ jẹ́ irú tó ní wáyà ìpele kan, ìdajì ínǹṣì. Irú hóòsì bẹ́ẹ̀ ń gba bárì 160 ní iṣẹ́ (bárì náà jẹ́ ìwọ̀n agbára ọ́ìlì bíi psi), nígbà tí 2,500 psi katakata yìí ti kọjá bárì 170. Èyí tó ní wáyà ìpele méjì la fi rọ́pò rẹ̀. Ó ń gba bárì 275 ní ìwọ̀n ìdajì ínǹṣì kan náà. Hóòsì tó ń padà sí táǹkì ò nílò agbára bẹ́ẹ̀, inú gbígbòòrò ló nílò, a sì fi ti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínǹṣì sí i. A jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ wọ abẹ́ ojú ọ́ìlì nínú táǹkì, torí bó bá ń dà á láti òkè, ọ́ìlì á máa hó, páǹpù á sì máa gbé afẹ́fẹ́ mu.

Ohun kan wà tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ sára ilé tayà pẹ̀lú ọ̀dà funfun: bí wọ́n bá tú apá ìwalẹ̀ kúrò, kí wọ́n so orí hóòsì tó ń wọlé mọ́ orí hóòsì tó ń lọ sí three-point. Bí wọ́n bá fi méjèèjì sílẹ̀ báyìí, ọ̀nà dí níwájú páǹpù nìyẹn. Bí wọ́n bá ṣe fọwọ́ kan síátà, katakata á ké, three-point ò ní gbé, páǹpù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ba ara rẹ̀ jẹ́.

Ní ti férémù, èyí tó yẹ kó gba ìjà náà dípò three-point, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú katakata báyìí máa ń ṣe tirẹ̀ fún nọ́ńbà katakata kọ̀ọ̀kan, mo sì máa ń gba èèyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n rà á bí wọ́n bá lè rí i. A wá ti èyí títí, a ò rí i. Wẹ́dà kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ní Làfẹ́nwá ló bá wa ṣe é. A kọ́kọ́ fi páálí gé àwòrán gbogbo ibi tí irin máa fara kan, a gbé páálí náà wọlé wọ̀de títí ó fi bára mu, ká tó gé irin. Irin gígùn méjì ló wà lábẹ́ katakata báyìí, láti ẹ̀yìn títí dé ibi tí férémù bọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú ti dúró. Àwo irin tó nípọn tó mílímítà 12 ni a fi so wọ́n mọ́ ilé ásù ẹ̀yìn, lójú ihò bóòtù tí ilé iṣẹ́ ti dá sílẹ̀. A ò lu ihò tuntun kankan sára irin dídà, a ò sì wẹ́ẹ̀dì ohunkóhun mọ́ ọn. Orí ilẹ̀ ni wẹ́dà ti parí gbogbo iṣẹ́ iná rẹ̀. Píìnì ńlá méjì ló di apá ìwalẹ̀ mú mọ́ férémù, a sì yọ ọwọ́ three-point kúrò pátápátá kí ẹnikẹ́ni má baà dán an wò mọ́.

Bóòtù M16 la lò, àwọn tí wọ́n kọ 10.9 sí lórí, nọ́ńbà tó ń sọ bí bóòtù ṣe le tó. Ẹ wo orí bóòtù kí ẹ tó sanwó; èyí tí kò ní nọ́ńbà lórí wà fún géètì àti férémù fèrèsé. Sípánà tó ń ka agbára la fi fún wọn, ní bíi Newton-mita 300. Ojú ọwọ́ ò lè mọ ìyẹn, bó ti wù kí mẹkáníìkì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó.

Ọ́ìlì háídírọ́líìkì inú katakata yìí kan náà ni gíà àti bíréèkì tó wà nínú ọ́ìlì ń lò. Ẹnì kan ti da ọ́ìlì háídírọ́líìkì lásán kún un. A dà á nù, a fọ àsẹ́, a sì da ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún katakata sí i. Sílíńdà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ so máa ń gbé ọ́ìlì mu, nítorí náà a fi ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ́ na gbogbo apá náà, a ká a, léraléra, kí afẹ́fẹ́ lè jáde, a wá ká gbogbo sílíńdà wọlé ká tó wo ojú ọ́ìlì.

Páálí la fi wá ibi tó bá ń jò. A na páálí sẹ́gbẹ̀ẹ́ hóòsì, a wo bóyá ó tutù. Mo pariwo mọ́ ọmọ iṣẹ́ kan tó fẹ́ fi àtẹ́lẹwọ́ wò ó. Ọ́ìlì tó bá gba ihò abẹ́rẹ́ jáde lábẹ́ agbára tó pọ̀ báyìí ń gún awọ ara wọlé. Ojú rẹ̀ lè kéré bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ, kó má dun èèyàn púpọ̀ lọ́jọ́ yẹn, síbẹ̀ ó lè sọ ọwọ́ di gígé bí wọn ò bá tètè gbé onítọ̀hún dé ọ̀dọ̀ dókítà oníṣẹ́ abẹ, láàárín wákàtí díẹ̀.

A gbé e padà sóko, a sì dán an wò níwájú Bàbá. Awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ irin méjèèjì tí apá ìwalẹ̀ fi ń dúró kalẹ̀ lórí pákó nípọn, ó fi bọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú tó kún fún yẹ̀pẹ̀ tẹlẹ̀. Apá ìwalẹ̀ lọ bá òkúta kan náà tó fa gbogbo ìjàngbọ̀n. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tayà ẹ̀yìn méjèèjì ló fúyẹ́ nílẹ̀ díẹ̀, gbogbo katakata gbé e pọ̀, relief fáàfù, èyí tó ń tú ọ́ìlì sílẹ̀ bí agbára rẹ̀ bá pọ̀ jù, sì ké láti sọ pé agbára ti pin. Ìjókòó awakọ̀ ò kúrò ní ipò rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ rí gan-an nìyẹn. Lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí 10, a padà lọ fún gbogbo bóòtù. Méjì ló ṣì gba díẹ̀ sí i, lápá òsì lẹ́yìn. A fi ọ̀dà pupa fa ìlà láti orí bóòtù dé ara àwo irin, kí awakọ̀ lè máa rí i láàárọ̀ bí ìkankan bá yí.

Òkúta ṣì wà níbẹ̀. Bàbá bi mí bóyá a lè so òòlù háídírọ́líìkì mọ́ orí apá ìwalẹ̀ náà. Mo ní rárá. Apá tó fúyẹ́ báyìí ò lè gba gbígbọ̀n rẹ̀, ọ́ìlì tí páǹpù ń tú jáde ò sì ní tó o láìgbóná. Bàbá ti pe àwọn tó ń fi iná sun òkúta kí wọ́n tó fi òòlù ọwọ́ fọ́ ọ, bí wọ́n ti ń ṣe é lọ́dọ̀ wa. Tí wọ́n bá ti fọ́ ọ tán, katakata á kó àfọ́kù rẹ̀ jáde.